Wọ́n Ní Ó Ti Lọ sí Èkó

Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá fi ayé sílẹ̀, Yorùbá kì í sọ pé ó kú. Wọn á ní ó lọ sí Èkó. Wọn á ní ó lọ ra aṣọ wá fún èkejì rẹ̀, pé ó máa dé. Ìdí ni pé ẹni tó ṣẹ́ kù ń gbọ́, bó bá sì gbọ́ òótọ́, òun náà lè ní òun ń lọ. Èmi ò bá àwọn tó dá àṣà yìí sílẹ̀ jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo rí sọ sí i: ibi tí Èkó ti jìnnà sí wọn ni wọ́n ń gbé nígbà tí wọ́n dá a. Wọn ò ro ti àwa tí wọ́n bí sí Douala, tí bàbá wa ń wọkọ̀ lọ sí Èkó kó bàtà, tó sì ń dé padà pẹ̀lú bísíkíìtì nínú àpò.

Ìbejì ni mí. Èmi ni mo bọ́ sáyé kẹ́yìn, nítorí náà èmi ni ẹ̀gbọ́n. Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé èyí fún olùkọ́ tó ń fi Faransé kọ́ni, kí ẹ wá wo ojú rẹ̀. Wọ́n ní èyí tó kọ́kọ́ jáde, èmi ni mo rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò bóyá ó dùn. Èkejì mi gba iṣẹ́ yẹn bí ẹni tí ìjọba gbà síṣẹ́. Ibi gbogbo ló ń ṣáájú mi dé. Bí òjò bá sọ ẹnu ọ̀nà wa di odò, òun ló máa kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bí ìyá wa bá se ohun tí a ò jẹ rí, òun ló máa kọ́kọ́ fi sẹ́nu, á wá yíjú sí mi. Á ní, "Wá, ó dùn," tàbí kó ní, "Má wá." Èmi ẹ̀gbọ́n á dúró lẹ́yìn bí ojo, mo ń retí ìdájọ́. Mi ò rántí ìgbà kankan tó tàn mí.

Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Madagascar, nínú New Bell, là ń gbé, nínú àgbàlá kan tí àwa àti àwọn ará Cameroon jọ wà. Bàbá wa ń ta bàtà. Ìyá wa ń ta àlùbọ́sà ní ọjà Sandaga, àpò-àpò ló ń tà á fún àwọn tó ń lọ tún un tà. Mùsùlùmí ni wá. Yorùbá tí èmi àti èkejì mi ń sọ nígbà náà kò ju èyí tí wọ́n fi ń pe ọmọ wá jẹun àti èyí tí wọ́n fi ń bú u. A gbọ́ èébú dáadáa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí àgbà ń yí po kó tó sọ ọ́, kò sẹ́ni tó fi kọ́ wa. Faransé la fi ń ṣeré, òun la fi ń jà. Yorùbá tí mo fi ń kọ èyí, ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ.

Ìgbà Bakassi nìgbà náà. Ilẹ̀ etí òkun tí Nàìjíríà ń fà, tí Cameroon náà ń fà, àwa ọmọdé ò mọ ibi tó wà, ṣùgbọ́n a máa ń rí i lójú ọlọ́pàá tó bá dá bàbá wa dúró pé kó mú ìwé rẹ̀ wá. Ní iléèwé, Biafra ni wọ́n ń pè wá, bẹ́ẹ̀ ìyá wa ò dé ilẹ̀ Ìgbò rí láyé rẹ̀. Bí Nàìjíríà bá gbá bọ́ọ̀lù wọlé, àwa la jẹ̀bi. Àwọn ìdílé kan ti ń kó ọmọ wọn padà sílé. Lónìí ẹ máa rí ọmọ kan lẹ́nu ọ̀nà tó ń ta omi, bó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á ní ó ti wà ní Ìlọrin tàbí Òṣogbo. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má pe ọmọ tí mo jẹ́ nígbà náà ní òmùgọ̀. Ọmọ ń lọ sílé lóòótọ́.

Ìsinmi gígùn tí mò ń sọ yìí, òjò ló gbà á. Òjò oṣù kẹjọ ní Douala kì í wá kó lọ, ó máa ń dé bí àlejò tó gbé ẹní dání ni. Omi kún àgbàlá, ṣáláńgá àti kànga di ọ̀rẹ́ ara wọn, àìsàn sì dé. Yorùbá ń pè é ní onígbáméjì, torí pé ó ń gba òkè, ó ń gba ìsàlẹ̀, lára ẹnì kan náà. Ìyá wa kì í dá orúkọ yẹn. "Nǹkan yẹn" ló ń wí. Ó ní ohun tí èèyàn bá pè ló ń jẹ́ni.

Àwọn èèyàn kan wọ bàtà rọ́bà wá, wọ́n da omi jáfẹ́lì tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sínú kànga. Gbogbo Madagascar ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá. Rédíò ní ká má bọ ara wa lọ́wọ́. Ní mọ́ṣáláṣí, àwọn bàbá tó jẹ́ pé ọwọ́ ara wọn ni wọ́n ń wá lẹ́yìn ìrun, wọ́n wá ń fi ọwọ́ sí àyà, wọ́n ń tẹrí ba fún ara wọn láti ọ̀nà jíjìn bí ẹni tó jẹ gbèsè. Èmi àti èkejì mi ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Iléèwé là ń retí. Kíláàsì tuntun, olùkọ́ tuntun tí wọ́n ní ó le. Èkejì mi ti ṣèlérí pé òun máa kọ́kọ́ wọlé, òun á wò ó, òun á wá sọ fún mi bóyá kí n wọlé tàbí kí n sá padà.

Ó kù díẹ̀ kí iléèwé wọlé nígbà tí nǹkan yẹn mú èkejì mi. Àárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀. Kó tó di pé wọ́n pe ìrun ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti wọnú, awọ ìka rẹ̀ ti hunjọ bíi ti arúgbó. Ìyá wa dá ọ̀kadà dúró, bensikin tí wọ́n ń pè é níbẹ̀. Ó gbé èkejì mi sí àárín òun àti ọlọ́kadà, ó sì fi ìró rẹ̀ di ọmọ náà mọ́ ara rẹ̀ níwájú bí ẹni pọn ọmọ sódì. Wọ́n ní èmi ò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn. Mo sáré tẹ̀ lé wọn nínú òjò, bàtà rẹ̀ lọ́wọ́ mi, torí kò wọ bàtà. Ó yíjú padà wò mí. Mo dúró de ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò ní kí n wá, kò ní kí n má wá. Ọ̀kadà náà yà níkọ̀rọ̀ ibi tí wọ́n ti ń ṣe táyà, mi ò sì rí wọn mọ́.

Ọjọ́ kejì ni ìyá wa padà dé, òun nìkan. Ìró tó ró lọ kọ́ ló ró bọ̀. Òórùn jáfẹ́lì bo ara rẹ̀ débi pé mo sín. Ní àkókò yẹn, ẹni tí nǹkan yẹn bá mú lọ, ìjọba ló ń bójú tó o. Wọn kì í jẹ́ kí ìdílé wẹ̀ ẹ́, wọn kì í jẹ́ kí wọ́n gbé e wálé. Kò sí ohun kan tí mo fojú rí. Àwọn ọkùnrin dúró pẹ̀lú bàbá wa níta. Ìyá àgbà kan tó jẹ́ ará ìlú ìyá wa, tó ń gbé lẹ́yìn ilé wa, ló pè mí sí ẹ̀gbẹ́.

"Ọmọ mi, èkejì rẹ ti lọ sí Èkó," ó ní. "Ó lọ ra aṣọ wá fún ọ."

"Pẹ̀lú ta ni, Màmá?"

"Pẹ̀lú àwọn èèyàn rere."

"Ṣùgbọ́n kò wọ bàtà lọ."

Ìyá àgbà wo ìyá wa. Ó ní, "Wọn á ra òmíràn fún un níbẹ̀."

Kí n má purọ́, inú ló bí mi. Inú bí mi ju bí mo ṣe lè wí lọ. Pé wọ́n mú un lọ sí Èkó láìmú mi, pé wọn ò jẹ́ kó padà wá dágbére, pé àwọn èèyàn rere kan tí mi ò mọ̀ ń ra bàtà tuntun fún un, èmi sì ń gbé inú omi àti jáfẹ́lì níbí. Mo ju bàtà tó fi sílẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá wa bẹ̀rẹ̀, ó mú un jáde, ó nù ún, ó tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi.

Láti ọjọ́ yẹn, ìyá wa kò mú ojú kúrò lára mi. Bí mo bá sùn lọ́sàn-án, màá jí, màá bá ìka rẹ̀ ní ihò imú mi, ó ń wò ó bóyá mò ń mí. Bó bá bu oúnjẹ fún mi, á bu ti èkejì mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á báyìí. Wọ́n ti sọ fún un, gbogbo àgbà tó wá kí i ló sì ń tún un sọ, pé ìbejì kì í fẹ́ dá wà, pé kó di èyí tó ṣẹ́ kù mú. Ọmọ kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún un ni mí. Nígbà náà, ohun tí mo rò ni pé ó ń ṣọ́ mi kí n má sá lọ sí Èkó.

Nígbà tí ọjọ́ ìwọlé ń sún mọ́lé, ó mú mi lọ sọ́dọ̀ télọ̀ tó ń rán aṣọ iléèwé. Ará ìwọ̀-oòrùn Cameroon ni bàbá náà, Pidgin ni òun àti ìyá wa fi ń gbọ́ ara wọn. Ìyá wa gbé aṣọ búlúù sílẹ̀, ó ní méjì ni kó rán.

Télọ̀ wo ẹ̀yìn wa, ó wo ẹnu ọ̀nà. "Mami, na one pikin I di see."

"Di oda one di come," ìyá wa ní. "Measure dis one two time."

Ó wọ̀n mí, ó fi ẹfun kọ ọ́ sórí tábìlì. Lẹ́yìn náà ó ní kí n yí padà, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ láti èjìká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé ọmọ mìíràn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo fẹ́ yíjú wo ẹni tí télọ̀ ń wọ̀n, torí pé bó ṣe ń fi téèpù náà kàn mí, ó dà bíi pé èmi kọ́ ló fọwọ́ kàn. Nígbà tí a gba aṣọ náà, ọ̀kan bá mi mu, ọ̀kan fún mi díẹ̀ lábẹ́ apá. Èkejì mi tẹ́ẹ́rẹ́ jù mí lọ. Mo mọ̀ pé ọwọ́ télọ̀ ló gbọ̀n. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ títí di òní, síbẹ̀ mi ò fẹ́ràn láti máa rò ó.

Ìyá wa se ẹ̀wà, kó fi ṣe sàráà nítorí mi. Ẹ̀wà ni wọ́n ń sè fún ìbejì, àwọn ọmọdé ló sì yẹ kó jẹ ẹ́, kí wọ́n ṣe àmín sí i pé kí n dàgbà. Ó rán mi kiri àgbàlá pẹ̀lú àwo. Wọ́n gbà á, wọ́n dúpẹ́, wọ́n pè mí ní ọmọ dáadáa. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, mo rí ìyá àwọn ọmọ tí a jọ ń ṣeré tó ń da ẹ̀wà náà sí gọ́tà, gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ẹran tó wà lórí rẹ̀. Ẹlòmíràn ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ta ló fẹ́ jẹ oúnjẹ ilé tí nǹkan yẹn ti mú ọmọ? Mo mọ̀ ọ́n báyìí pé àwọn náà ní ọmọ. Ọjọ́ náà, mo la ẹnu kí n pariwo èébú, gbogbo èyí tí mo gbọ́ ní Yorùbá àti Faransé, ìyá wa sì fa ọwọ́ mi.

"Jẹ́ kí omi jẹ ẹ́," ó ní. "Omi náà lẹ́nu."

Ìrọ̀lẹ́, wọ́n dá àwo padà. Ó mọ́ tónítóní, ó ń run jáfẹ́lì. Wọ́n ní ẹ̀wà náà dùn.

Ọjọ́ tí iléèwé wọlé, wọ́n gbé kẹ̀ẹ̀gì omi oníjáfẹ́lì sí ẹnu géètì, olùkọ́ kan sì ń ṣọ́ wa kí a fọ ọwọ́ kí a tó wọlé. Báàgì méjì ni mo gbé, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan láyà. Ìyá wa ló gbé wọn kọ́ mi. Aṣọ kejì wà nínú báàgì kejì, ó lọ̀ ọ́, ó ká a. Bí mo ṣe dé ẹnu ọ̀nà kíláàsì ni ẹsẹ̀ mi kọ̀. Mi ò wọ ibi tuntun rí kó má jẹ́ pé ẹnì kan ti ṣáájú mi wò ó. Àwọn tó wà lẹ́yìn mi ń tì mí, ni mo bá ṣubú wọlé.

Olùkọ́ pe orúkọ mi, mo dáhùn. Ó pe orúkọ èkejì mi. Mo ní ó wà ní Lagos. Olùkọ́ náà mí kanlẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ Bakassi yìí máa kó gbogbo àwa ọmọ Nàìjíríà lọ tán, ó sì pe orúkọ tó kàn. Ọmọkùnrin kan pariwo láti ẹ̀yìn pé sójà ni èkejì mi lọ ṣe. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí mo rí i lọ́kàn mi, òun nínú aṣọ sójà láìwọ bàtà. Mo gbé báàgì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ mi lórí bẹ́ǹṣì, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó síbẹ̀. Nítorí àìsàn, olùkọ́ fẹ́ kí àyè wà láàárín wa, kò dá mi lẹ́bi.

Mò ń gbọ́ ọ níbẹ̀. Èkejì mi kì í dáhùn ìbéèrè kó má kọ́kọ́ tu ọ̀fun rẹ̀, bí àgbàlagbà tó fẹ́ ṣàdúrà níbi ìsọmọlórúkọ. Bí olùkọ́ bá béèrè nǹkan, tí gbogbo kíláàsì bá dákẹ́, mo máa ń gbọ́ ọ̀fun yẹn ní apá òsì mi. Màá yíjú, màá rí báàgì. Ẹ̀rù ò bà mí nígbà náà. Ohun tí mo rò ni pé ó ń rántí mi ní Èkó. Ìgbà tí mo dàgbà, tí mo ń jókòó sí ọ́fíìsì pẹ̀lú àwọn èèyàn tí kò mọ nǹkan kan nípa mi, ni ẹ̀rù rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bà mí.

Bàbá wa lọ sí Èkó kó ọjà. Ọ̀nà ò dára, sójà wà lójú omi, ìyá wa ò fẹ́ kó lọ, ṣùgbọ́n bàtà ti tán ní ṣọ́ọ̀bù. Mo di aṣọ rẹ̀ mú lẹ́nu ọ̀nà.

"Papa, ẹ mú un bọ̀. Iléèwé ti wọlé."

Ó ní, "Mo gbọ́, ìyá mi." Ó gbé báàgì rẹ̀, kò wẹ̀yìn.

Ó pẹ́ kó tó dé. Nígbà tó dé, ó ti rù, irùngbọ̀n rẹ̀ ti dàrú. Ó gbé bàtà ọmọdé jáde, ti ẹni méjì, ìwọ̀n kan náà, àwọ̀ kan náà. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀ bí télọ̀ ṣe wo ẹ̀yìn wa.

"Papa, ẹ ò rí i ni?"

Ìyá wa wà níbẹ̀, ó ń ṣa àlùbọ́sà. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Bàbá mi wò ó, ó wò mí. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni bàbá mi, kò lè rí kí ọmọ fa ojú ro. Ó ní, "Mo rí i. Ó ní kí n kí ọ."

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí? Kí ló ní?"

"Ó ní..." Ó fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ó ní ibẹ̀ dùn."

Bàbá mi kò mọ òfin tó wà láàárín èmi àti èkejì mi. Kò mọ̀ pé gbólóhùn yẹn ni mo ti ń retí láti ọjọ́ tí ọ̀kadà ti yà níkọ̀rọ̀. Wá, ó dùn. Gbogbo ìbínú mi lọ. Ohun tó kù ni bí mo ṣe máa dé ibẹ̀, mo sì rò ó dáadáa, mo tò ó bí ìṣirò. Àìsàn mú un. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Ibẹ̀ ló gbà dé Èkó. Ọ̀nà Èkó nìyẹn, kò sí òmíràn tí mo mọ̀.

Mi ò wá àìsàn náà, kí ẹ má rò bẹ́ẹ̀. Àìsàn náà kì í dúró kí wọ́n wá òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi lọ́, tí mo bì ní àárín kíláàsì, tí gbogbo ọmọ sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí eṣinṣin, mo rántí pé inú mi dùn. Mo gbá báàgì kejì mọ́ra. Nígbà tí ìyá mi sáré dé láti Sandaga, èépo àlùbọ́sà ṣì wà lára gèlè rẹ̀. Ó gbé mi sórí ọ̀kadà, ó fi ìró di mí mọ́ra. Mo gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù ní ẹ̀yìn mi. Mo ń rò pé ó yẹ kí n ti dágbére fún bàbá mi.

Abẹ́ àgọ́ ni wọ́n tẹ́ wa sí ní ọsibítù, lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n gé ihò sí láàárín tí wọ́n gbé bákẹ́ẹ̀tì sábẹ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbé omi oníyọ̀ àti ṣúgà wá nínú ife, ó ní kí n mu ún, pé bí mo bá ń mu ún déédéé mi ò ní nílò abẹ́rẹ́, ara mi á yá, màá padà sílé. Mo pa ẹnu dé. Ẹni tí ara rẹ̀ bá yá, ilé ló ń padà sí, kì í dé Èkó. Ó gbé ife náà sí mi lẹ́nu, omi náà sì ṣàn sí mi lọ́rùn. Mo fi Faransé sọ fún un pé kó má ṣe wàhálà, pé Lagos ni mò ń lọ, pé èkejì mi ti gba ibí kọjá. Nọ́ọ̀sì náà wo ìyá mi, ó ní ọmọ náà ti ń sọ ìsọkúsọ, kí ìyá mi rí i pé ó mu omi, ó sì lọ bá àwọn mìíràn tó ń ké.

Ìyá mi gbọ́ Lagos nínú rẹ̀. "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ń lọ bá a ní Èkó, Maman. Papa ní ibẹ̀ dùn. Mi ò fẹ́ omi yẹn."

Ojú tó fi wò mí, mi ò rí irú rẹ̀ rí lójú ènìyàn mìíràn. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì náà, lórí ilẹ̀ tó tutù fún jáfẹ́lì. Ìyá mi, tó ń kígbe mọ́ ọlọ́pàá ní Sandaga, kúnlẹ̀ fún èmi ọmọ rẹ̀.

"Jọ̀ọ́," ó ní. "Èmi ni mò ń bẹ̀ ọ́. Má lọ. Dúró tì mí."

Mo ní kó má sunkún. Mo ní mi ò ní pẹ́, èmi àti èkejì mi á jọ padà kí wọ́n tó ṣe ìdánwò. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ ló di ẹnu rẹ̀ mú. Mo fẹ́ fi í lọ́kàn balẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi ti ń tutù, ó ń pa, ètè mi ti gbẹ débi pé ọ̀rọ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Ó la ẹnu. Mo rí i pé ó fẹ́ sọ nǹkan, mo rí i tí ó dé ètè rẹ̀ tó padà. Ó tún gbìyànjú. Ohun tí kò sí ìyá ìbejì kan tó gbọ́dọ̀ sọ, tí gbogbo àgbà ti kìlọ̀ fún un pé ọjọ́ tó bá jáde lẹ́nu rẹ̀ ni èyí tó ṣẹ́ kù á lọ, kò gba ọ̀nà Yorùbá jáde. Ó di etí bẹ́ẹ̀dì mú, ó sì fi Faransé sọ ọ́. Faransé ìyá mi, ti ọjà àlùbọ́sà ni: iye owó, àpò mélòó, ó dọ̀la. Kò ní gbólóhùn fún irú èyí, àfi èyí tí wọ́n sọ fún òun fúnra rẹ̀ lábẹ́ àgọ́ kan náà.

"Elle est morte, madame."

Ó mọ ohun tí madame jẹ́, gbogbo oníbàárà ló ń pè é bẹ́ẹ̀ ní Sandaga. Ṣùgbọ́n odindi ni wọ́n gbé gbólóhùn náà lé e lọ́wọ́, odindi ló sì gbé e lé mi lọ́wọ́, kò bù ú.

Èdè tí mo gbọ́ jù nìyẹn. Ó pe ikú ní ikú, kò sí Èkó nínú rẹ̀. Kò sí aṣọ tí ẹnikẹ́ni lọ rà. Mo wo ìyá mi lórí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, mo sì dá a lóhùn bí a ṣe ń dá olùkọ́ lóhùn.

"Oui, madame," mo ní. Mo sì la ẹnu sí omi náà.